Mo Jókòó Ti Àdánù Mi Kí Ó Lè Sanra

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó wọ bàtà pupa onígìgísẹ̀ gíga, tó ń po fúláwà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ni. Bàtà tí mo rà láti fi lọ gba owó ńlá ní kóòtù ni mo sọ di bàtà iṣẹ́, torí pé owó tí adájọ́ dá fún mi kò tó owó bàtà ọ̀hún. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi, ẹ jókòó kí n rò ó fún yín.

Oníbúrẹ́dì ni mí. Ààrò mi tóbi, ilẹ̀kùn irin rẹ̀ wúwo ju ọkọ mi lọ, ọkọ mi náà sì ń jẹun dáadáa. Igba búrẹ́dì ni mò ń yan lójúmọ́ fún iléèwé kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Mo tún ń yan ọgọ́rùn-ún fún àwọn ará àdúgbò. Iléèwé yẹn ló gbé ilé wa ró. Òun ló ń san owó ilé, òun ló ń san owó iléèwé àwọn ọmọ mi méjèèjì, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù tí bàbá wọn ń wà kì í fi oṣù kan rìn kó má dákú.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, àgbékọ́ tó di ilẹ̀kùn ààrò mú já. Ilẹ̀kùn wó lulẹ̀ gbàǹgà, díẹ̀ ló kù kó fọ́ mi lẹ́sẹ̀. Èmi àti ọkọ mi gbé e sínú ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ wẹ́dà.

Ọkùnrin tín-ín-rín ni wẹ́dà yìí. Gíláàsì dúdú wà níwájú orí rẹ̀, àpá iná wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó fi ń jó irin sì wà lábẹ́ páànù tó ta síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó yí ilẹ̀kùn náà po, ó kan án kó-kó-kó.

Ó ní, "Ìyá, ṣé iṣẹ́ ńlá lẹ fi ààrò yìí ń ṣe ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ gan-an ni Èṣù ti gbé àga sún mọ́ mi. Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Tí mo bá dárúkọ iléèwé, owó á lọ sókè.

Mo fa ojú ro. Mo ní, "Iṣẹ́ ńlá kẹ̀? Búrẹ́dì díẹ̀ tí mò ń yan fún ará àdúgbò ni o. Ká sá à ti rí nǹkan fi sẹ́nu."

Àánú mi ṣe é. Ó ní, "Ó dáa, ẹ mú ìdajì wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ wá gbé e. Mo ṣèlérí." Ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín dé ilé. Mo ń sọ fún ọkọ mi pé kò mọ ọjà ná, pé kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ní, "Ìyá wọn, ohun tí o bá pè ní kékeré fún ẹni, kékeré ni onítọ̀hún yóò kà á sí." Mo ní kó lọ tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí a dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn mi ṣì fara ti ògiri bí a ṣe gbé e sí. Irin gbọọrọ gbọọrọ ló kún ilẹ̀.

Wẹ́dà ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ilé ìwòsàn ló gbé iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ tí wọn ó gbé táǹkì omi lé. Àwọn aláìsàn ò rí omi lò. Mo rò pé búrẹ́dì tiyín lè ní sùúrù díẹ̀."

Mo bú u. Mo bú ẹ̀rọ rẹ̀. Mo bú gíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè la ẹnu sọ pé igba ọmọ ló ń retí mi láàárọ̀ ọ̀la, torí ọkọ mi dúró tì mí, ó sì ń wo òkè bíi ẹni tó ń wá òjò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mátíróònù iléèwé pè mí títí, mi ò gbé e. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì mi, mò ń wo ààrò tó la ẹnu sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyálé mi fi dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń jẹ́ ìyálé mi fún yín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Òun náà ń ṣe búrẹ́dì, àdúgbò kejì sí wa, òun gan-an ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá búrẹ́dì tèmi yan, ó fi ìka kan án, ó wo àwọn oníbàárà, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ká fi kọ́lé ni?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó yèè. Ọdún kọkànlá rèé, mi ò tíì gbàgbé. Nígbà tí mo máa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo búra pé ọwọ́ mi ò tún ní wọ inú fúláwà rẹ̀ láéláé.

Ó ní, "Ìyàwó, mo gbọ́ pé ilẹ̀kùn ààrò rẹ wà lọ́dọ̀ wẹ́dà. Tèmi máa ń ṣófo láti ọ̀sán. Kó páànù rẹ wá, máa wá yan tìẹ níbẹ̀ títí wọn ó fi ṣe é tán."

Ẹ ò rí nǹkan! Olúwa fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu, mo tu ú dànù. Àpẹ́rọ́ọ̀nù ìyálé mi ni mò ń wò, ọ̀rọ̀ "ṣé ká fi kọ́lé" ló ń dún létí mi.

Mo ní, "Ẹ ṣeun mà. Mo ti rí ibòmíràn."

Irọ́ gbuu. Ìyálé mi wò mí, ó wo ààrò mi, ó ní, "Ó dáa nígbà yẹn," ó sì yíjú padà lọ.

Onígbàjámọ̀ tó kọjú sí ilé búrẹ́dì mi ló gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin yìí ń gé irun fún akọ̀wé kóòtù ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, torí náà ó gbà pé òfin ti gba orí irun wọ inú òun. Ó fi abẹ sílẹ̀, ó sọdá wá bá mi.

Ó ní, "Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ ṣe dáadáa tí ẹ kò gbà. Ṣé àdéhùn wà láàárín ẹ̀yin àti wẹ́dà?"

"Ó wà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ó sì ti yẹ̀ ẹ́! Gbogbo ohun tí ẹ bá pàdánù, òun ló máa san án. Owó gbà-má-bínú ni wọ́n ń pè é. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o. Ẹ kàn jókòó. Bí àdánù ṣe ń sanra ni owó yín ń sanra."

Mo ní, "Kí n kàn jókòó?"

"Ẹ jókòó!"

Kí ló tún dùn tó èyí? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, wọn ò sọ fún mi rí pé mo lè jókòó kí owó máa wọlé. Mo gbé àga síwájú fáànù, mo na ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsẹ́gun, mo ṣírò igba búrẹ́dì tí mi ò yan, inú mi dùn. Lọ́jọ́rú, ó tún pé igba mìíràn. Àwọn ará àdúgbò ń béèrè búrẹ́dì, mò ń lé wọn lọ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Lọ́jọ́rú yẹn náà ni lẹ́tà dé láti iléèwé. Mo já a. Ìlà àkọ́kọ́ ní, "Níwọ̀n ìgbà tí a kò rí búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ yín, a ti rí ẹlòmíràn." Ẹ̀jẹ̀ mi ru sókè. Mi ò kà á síwájú, mo fà á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, mo sì fọ́n ọn sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń bọ́ àwọn ọmọ yẹn! Mo sunkún, ẹkún tòótọ́ ni.

Onígbàjámọ̀ ló ṣa gbogbo ẹ̀ nílẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn yanran. Ó ní, "Ẹ má sunkún, ìyá. Ẹ̀rí nìyí! Owó ọdún kan gbáko nìyí! Ẹ̀rọ wẹ́dà yẹn, títà ló máa tà á."

Mo nu ojú mi. Mo ní, "Kó tà á."

Lọ́jọ́bọ, wẹ́dà ránṣẹ́ pé òun ti ṣe ilẹ̀kùn tán, ṣùgbọ́n òun ò rí ọkọ̀ tí òun ó fi gbé e. Ọkọ mi mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Níbo?"

"Kí n lọ gbé ilẹ̀kùn."

"Jókòó. Ẹni tó pẹ́ ni kó gbé e wá."

Ó ní, "Ìyá wọn, ta lò ń bá jà gan-an?" Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó sì jáde lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni wẹ́dà fi ọmọlanke gbé ilẹ̀kùn dé, òógùn bò ó. Ó tún un dè pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kò gba owó tó kù. Mo na ìwé ìpẹ̀jọ́ sí i. Nígbà tó ka iye tí mo kọ síbẹ̀, ó dì mọ́ ilẹ̀kùn ààrò kó má baà ṣubú.

Ó ní, "Ìyá, ẹ̀rọ yẹn nìkan ni mo ní láyé. Tí mo bá tà á, màá ṣì jẹ yín ní gbèsè. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo ní ká pàdé ní kóòtù.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí lè sọ pé, ilẹ̀kùn ti dé, kí ló dé tí o ò sáré lọ bẹ iléèwé? Mo fẹ́ lọ o. Onígbàjámọ̀ ló dì mí mú. Ó ní, "Tí wọ́n bá gbà yín padà ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ wí fún adájọ́?" Ẹ ò rí i bí wèrè ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Mo gbà. Mò ń yan ọgọ́rùn-ún mi, mò ń fi ebi pa ilé mi, kí ẹjọ́ mi lè dùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la wọ kóòtù. Yàrá kékeré kan ni. Fáànù òkè ń dún kẹ-kẹ-kẹ, bẹ́ńṣì tí mo jókòó lé ń mì. Adájọ́ jẹ́ obìnrin àgbà kan, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì ń fi pẹ́ńsù kékeré kan kọ̀wé.

Mo nílò ẹni tó máa jẹ́rìí sí iye tí búrẹ́dì ń mú wọlé. Onígbàjámọ̀ ní kí n wá oníbúrẹ́dì bíi tèmi. Oníbúrẹ́dì wo ni mo mọ̀ o? Bí mo ṣe gbé ìtìjú tà, tí mo lọ bẹ ìyálé mi nìyẹn. Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Ṣebí ilé kan la jọ fẹ́ ọkọ sí," ó sì tẹ̀lé mi wá, ó gbé báàgì ńlá kan dání.

Mo ka ẹ̀bẹ̀ mi. Búrẹ́dì ọjọ́ márùn-ún, ti iléèwé àti ti àdúgbò. Owó iléèwé fún ọdún kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ìtìjú mi. Bàtà.

Adájọ́ gbójú sókè. "Bàtà?"

"Èyí tí mo wọ̀ wá síbí, Olúwa mi. Tí kì í bá ṣe ẹjọ́ yìí, mi ò ní rà á."

Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó wo bàtà náà, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó wá kọjú sí ìyálé mi. "Ẹ̀yin ìyá, nínú búrẹ́dì mẹ́wàá, mélòó ni èrè?"

Ìyálé mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Mẹ́ta ni, Olúwa mi. Fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, gáàsì àti òṣìṣẹ́ á jẹ méje."

Adájọ́ ní, "Olùpẹjọ́, ẹ béèrè owó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Fúláwà tí ẹ kò pò ní ọjọ́ márùn-ún yẹn, níbo ló wà?"

"Ó... ó wà nílé, Olúwa mi."

"Ẹ fẹ́ kí wẹ́dà san owó fúláwà tó wà nílé yín?"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó fa ìlà gbọọrọ sí ìwé mi.

Ó yíjú sí wẹ́dà. "Ṣé ẹ pẹ́?"

"Mo pẹ́, Olúwa mi. Mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ iléèwé rí àyàfi nínú ìwé ìpẹ̀jọ́. Búrẹ́dì díẹ̀ fún ará àdúgbò ni wọ́n sọ fún mi. Ká ní mo mọ̀ pé igba ọmọ ń retí, ilẹ̀kùn yẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn."

"Ṣé òótọ́ ni, olùpẹjọ́?"

Mo wo ọkọ mi. Ó tún ń wo òkè.

Mo ní, "Mo ń ná ọjà ni, Olúwa mi."

Ìlà kejì. Adájọ́ wá fi pẹ́ńsù sílẹ̀, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún yẹn, ṣé kò sí ààrò mìíràn tí ẹ lè lò?"

Mo gbé àyà. "Kò sí, Olúwa mi. Kò sí rárá."

"Háà! Ìyàwó!"

Ìyálé mi ni. Ó ti dìde. Kì í ṣe ìbínú, ìyàlẹ́nu ni. "Ṣebí mo wá bá ọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé? Ṣebí mo ní kó o wá lo tèmi láti ọ̀sán? O ní o ti rí ibòmíràn!"

Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, ilẹ̀ ò lanu. Bẹ́ńṣì nìkan ló mì. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí onígbàjámọ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Adájọ́ gbé lẹ́tà iléèwé, èyí tí onígbàjámọ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ tìṣọ́ra-tìṣọ́ra. "Ẹ̀yin lẹ mú èyí wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ṣé ẹ kà á?"

"Mo... mo ka ìlà àkọ́kọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n ka ìkejì fún yín. 'Ẹni náà yóò máa bá yín yan án títí ààrò yín yóò fi dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ní kété tí ẹ bá ti ṣetán, nítorí àwọn ọmọ ń béèrè yín.'"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń retí mi, tí mo jókòó síwájú fáànù.

Adájọ́ ní, "Ta ni ẹni náà?"

Ìyálé mi la báàgì rẹ̀. Ó mú agolo mílíìkì àtijọ́ kan jáde, rọ́bà ló fi de ìdérí rẹ̀. "Èmi ni, Olúwa mi. Mátíróònù wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn. Mo ní màá yàn án, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pa orúkọ ìyàwó mi rẹ́, àyè rẹ̀ ni mò ń bá a tọ́jú. Èrè rẹ̀ rèé, mi ò mú nínú ẹ̀. Mo fẹ́ gbé e fún un lẹ́yìn ẹjọ́. Ṣé ẹ rí i, láti ọjọ́ yẹn títí ó fi wá bẹ̀ mí fún ẹ̀rí yìí, kì í dáhùn tí mo bá kí i."

Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn.

Ìdájọ́ ò gùn. Adájọ́ ní wẹ́dà yẹ àdéhùn, ó sì máa san nǹkan, ṣùgbọ́n owó gbà-má-bínú kì í ṣe ẹgba tí a fi ń na èèyàn. Ó wà láti gbé mi padà síbi tí ǹ bá dúró sí ká ní wẹ́dà mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ohun tí wẹ́dà lè fojú inú rí lọ́jọ́ tí a jọ sọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n lè ní kó san. Iléèwé tí mo fi pa mọ́ fún un, èmi ni kí n ru ú. Àdánù tí mo lè fọwọ́ mi dá dúró, tí mo jókòó tì, èmi náà ni mo ni ín. Búrẹ́dì àdúgbò ti ọjọ́ Ajé nìkan ló kù, torí ọ̀sán ni ǹ bá tó rí ààrò ìyálé mi lò lọ́jọ́ náà. Ọgọ́rùn-ún búrẹ́dì, èrè rẹ̀ ọgbọ̀n.

Ó tún ní, "Ní ti bàtà, ó yẹ yín. Ẹ máa wọ̀ ọ́."

Níta, mo kúnlẹ̀ fún ìyálé mi lórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo ní, "Ẹ forí jì mí. Ìgbéraga ló pa mí."

Ó ní, "Dìde jàre, o fẹ́ ba bàtà jẹ́." Ó gbé agolo lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo. Ó ní, "Mátíróònù ń retí rẹ lọ́jọ́ Ajé. Èmi ò lè máa yan fún ìdílé méjì, ẹ̀yìn ń ro mí."

Oṣù tó tẹ̀lé e, mo nílò páànù tuntun ogún. Mo padà sọ́dọ̀ wẹ́dà, ìyálé mi bá mi lọ. Wẹ́dà rí mi, ó wo ibi tó máa gbà sá.

Mo ní, "Fi ọkàn balẹ̀. Gbọ́ o, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iléèwé ni páànù yìí wà fún. Igba ọmọ. Ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ ẹ, torí àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa jẹ búrẹ́dì inú rẹ̀. Tí o bá pẹ́, mo lè pàdánù iṣẹ́ ọdún kan. Mo ti sọ fún ọ o, ìyálé mi ni ẹlẹ́rìí."

Wẹ́dà kọ gbogbo ẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì dúdú lójú. Ó wá pe iye kan tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta iye tí mo rò.

Mo la ẹnu láti ná an. Ìyálé mi wúkọ́ lẹ́yìn mi. Mo pa ẹnu dé, mo san án.

Ó kó wọn dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kan ṣáájú àdéhùn. Lọ́jọ́ Àìkú, ìyálé mi wá wo bí mo ṣe ń yan búrẹ́dì. Mo ti gbàgbé pé páànù tuntun máa ń gba iná jù, ìpele àkọ́kọ́ jáde, ó le gbagidi. Ìyálé mi fi ìka kan ọ̀kan, ó wò mí, ó pa ẹnu dé. Mo rí i pé ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Mo ní, "Ẹ sọ ọ́ mà."

"Ìyàwó, ṣé ká fi kọ́lé ni?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.